Ṣé òótọ́ ni pé Brighton ni wọ́n ń darí dáadáa jù ní Premier League?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà wa. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Níbi tá a ti máa ń wo bọ́ọ̀lù, àríyànjiyàn kan ò tán láàárín wa: ẹgbẹ́ wo ni wọ́n ń darí dáadáa jù ní Premier League? Mo ní Brighton ni. Wọ́n bá fi mí ṣẹ̀sín, wọ́n ní ẹgbẹ́ tí ò gba ife kankan, tó jẹ́ pé kí wọ́n sáà ta agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n mọ̀. Ṣé irọ́ ni mo pa ni? Bí kì í bá ṣe irọ́, kí gan-an ni wọ́n ń ṣe tí àwọn tó lówó jù wọ́n lọ ò rí ṣe? Ṣé 3SC (Shooting Stars), ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tiwa ní Ìbàdàn, lè rí nǹkan kọ́ níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ò parọ́ o. Ohun tó ń fa àríyànjiyàn yẹn ni pé ẹ ò tíì fẹnu kò lórí ohun tí ẹ fi ń wọn ìdarí. Bó bá jẹ́ ife ẹ̀yẹ ni, àwọn ọ̀rẹ́ yín jàre. Brighton ò tíì gba ife ńlá kankan. FA Cup ọdún 1983 tí wọ́n dé àṣekágbá rẹ̀, Manchester United ló gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n tún un gbá. Ṣùgbọ́n ife ò tó ẹ̀rí. Oṣù Karùn-ún ọdún 2008, Kanu Nwankwo wa ló gbá góòlù kan ṣoṣo tí Portsmouth fi na Cardiff ní Wembley, tí wọ́n fi gba FA Cup. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí gbèsè fi mu ẹgbẹ́ náà dé ọrùn. Wọ́n fà á lé àwọn alábòójútó onígbèsè lọ́wọ́ ní oṣù Kejì 2010, wọ́n yọ pọ́íǹtì mẹ́sàn-án lára wọn, wọ́n sì já kúrò ní Premier League. Nígbà tó fi máa di 2013, ìpele kẹrin ni wọ́n bá ara wọn. Ife wà nílé, ilé sì ti dà rú.

Ohun tó yẹ ká fi wọ̀n ọ́n ni owó tí ẹgbẹ́ ń ná, pàápàá owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù, àti ipò tí owó yẹn ń gbé wọn dé. Ní England, ẹni tó bá ń san owó oṣù tó pọ̀ jù ló sábà máa ń wà lókè tábìlì, ẹni tí tiẹ̀ kéré jù a sì wà nísàlẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ń dé ibi tí owó oṣù rẹ̀ ò yẹ kó gbé e dé, tí kì í ṣe ọdún kan péré, tí kò sì jẹ gbèsè tí ò ní lè san, a jẹ́ pé ọgbọ́n wà nínú ìdarí rẹ̀. Brighton ṣe ipò kẹfà ní sáà 2022/23, wọ́n ṣe ipò kẹjọ ní 2024/25. Owó oṣù wọn ò súnmọ́ ti Chelsea tàbí Manchester United rárá.

Ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ náà tọ́ sí mímọ̀. Nígbà tó fi máa di 1997, àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ náà ti ta pápá ìṣeré wọn, Goldstone Ground, láìtíì ní ibòmíì tí wọ́n máa kó lọ. Ọjọ́ tó kẹ́yìn sáà yẹn, ọ̀mì 1–1 tí wọ́n gbá nílé Hereford ló yọ wọ́n. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn ì bá bọ́ sóde Football League, ìyẹn àwọn líìgì tó wà lábẹ́ Premier League, pátápátá. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi ń gba bọ́ọ̀lù ilé wọn ní Gillingham, nǹkan bíi máìlì 70 sí Brighton. Wọ́n wá lọ ń lo pápá eré sísá kan tó ń jẹ́ Withdean títí di 2011. Tony Bloom, ọmọ Brighton tó di olówó nídìí tẹ́tẹ́, di alága lọ́dún 2009, ó sì kó mílíọ̀nù 93 pọ́n-ùn kalẹ̀ láti fi kọ́ pápá tuntun ní Falmer. Wọ́n gòkè sí Premier League lọ́dún 2017.

Bí ẹ bá ní kí n sọ ohun tí wọ́n ń ṣe ní gbólóhùn kan, òun nìyí: wọn kì í ṣe ìpinnu lọ́jọ́ tí ojú bá ń kán wọn. Wọ́n á ti pinnu ṣáájú.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Moisés Caicedo dáadáa. Oṣù Kejì 2021 ni wọ́n rà á lọ́wọ́ Independiente del Valle ní Ecuador, ọmọ ọdún 19, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ pọ́n-ùn. Wọn ò sáré tì í wọ pápá. Wọ́n yá a fún Beerschot ní Belgium, wọ́n pè é padà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, oṣù Kẹrin ọdún yẹn ló tó gba eré Premier League àkọ́kọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n na Arsenal 2–1 nílé Arsenal. Yves Bissouma ló ni ipò yẹn nígbà náà. Nígbà tí Tottenham wá ra Bissouma ní oṣù Kẹfà, ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀ ti wà nílé, ó ti mọ ọwọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń gbá a.

Oṣù Kìíní 2023, Arsenal dé. Wọ́n fi mílíọ̀nù 60 lọ̀ wọ́n, Brighton kọ̀. Wọ́n gbé e dé 70, Brighton kọ̀. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sórí Instagram pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kóun lọ. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni ìbá tà á lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nítorí ìbẹ̀rù pé ọkàn rẹ̀ ò sí nílé mọ́. Brighton ní kó lọ fara balẹ̀ nílé títí ọjà á fi tì. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, nígbà tó sì di oṣù Kẹta, ó fọwọ́ sí àdéhùn tuntun tó máa gbé e dé 2027. Oṣù Kẹjọ, Liverpool gbà láti san 111, ṣùgbọ́n Chelsea ni ọmọ náà ń fẹ́. Chelsea san 100, pẹ̀lú 15 míì tí wọ́n so mọ́ ohun tó bá gbé ṣe lọ́jọ́ iwájú. Ẹ bá mi ṣírò ohun tí oṣù méje yẹn mú wọlé lórí 70 tí wọ́n kọ̀.

Ohun tó fún wọn lẹ́nu láti sọ pé rárá ni iye ọdún tó kù nínú àdéhùn. Bí àdéhùn agbábọ́ọ̀lù bá ṣì ku ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹni tó ń tà á ló ń dá iye lé e. Bó bá ku ọdún méjì, olùrà àti olùtà jọ ń fà á ni. Bó bá ku ọdún kan, olùrà ló ń sọ iye tó máa san. Bó bá wá ku oṣù mẹ́fà, òfin gbà á láyè láti bá ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè fọwọ́ sí ìwé, kó sì lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ tó mọ̀ nípa ọjà fi máa ń pe agbábọ́ọ̀lù sí tábìlì nígbà tó bá ku bí ọdún méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta: kó tún fọwọ́ sí i, tàbí kí wọ́n tà á ní sáà yẹn. "Ẹ jẹ́ ká gbá sáà yìí tán ná" ni gbólóhùn tó ń náni lówó jù nínú iṣẹ́ yìí.

Ìṣirò inú ìwé owó náà yẹ ní títú, torí pé ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ìdí tẹlifíṣọ̀n kì í dé. Bí ẹgbẹ́ bá ra ẹnì kan ní mílíọ̀nù 50 lórí àdéhùn ọdún márùn-ún, ìwé wọn ò ní kọ 50 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mílíọ̀nù mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n á máa kọ lọ́dọọdún. Lẹ́yìn ọdún méjì, 30 ló ṣẹ́ kù sí i lọ́rùn. Bí wọ́n bá tà á ní 60, èrè 30 ni ìwé máa fi hàn. Bí wọ́n bá tà á ní 20, àdánù mẹ́wàá ni, bí owó tilẹ̀ wọlé lọ́jọ́ náà. Agbábọ́ọ̀lù tó bá ti akádẹ́mì ẹgbẹ́ náà jáde kò ní iye kankan lọ́rùn nínú ìwé, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo owó tí wọ́n bá tà á ló jẹ́ èrè.

Ben White ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Southampton ló kọ́kọ́ lé e, Brighton gbà á sí akádẹ́mì wọn lọ́dún 2014. Wọ́n wá yá a jáde ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn: Newport ní ìpele kẹrin, Peterborough ní ìpele kẹta, Leeds ní ìpele kejì, kó tó wá gba sáà kan odindi fún Brighton ní Premier League. Arsenal ra á ní mílíọ̀nù 50 lọ́dún 2021. Ẹ kíyè sí i pé kò fo ìpele kankan. Ohun tó ń ba yíyá àwọn ọmọ jáde jẹ́ ní ibòmíì ni pé wọ́n ń yá wọn fún ẹni tó bá kọ́kọ́ tọrọ, láìbéèrè bóyá kóòṣì ibẹ̀ máa lò ó ní ipò rẹ̀ gan-an. Ọmọ náà á jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún oṣù mẹ́wàá, iye rẹ̀ á sì wálẹ̀.

Òfin tó wà nílẹ̀ nígbà gbogbo rírà àti títà yìí ni pé àdánù ẹgbẹ́ kan ò gbọ́dọ̀ ju mílíọ̀nù 105 pọ́n-ùn lọ láàárín ọdún mẹ́ta. Everton rí i he: ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yọ pọ́íǹtì lára wọn ní sáà 2023/24, mẹ́wàá lákọ̀ọ́kọ́, tí wọ́n wá dín kù sí mẹ́fà, méjì lẹ́yìn náà. Chelsea ní tiwọn ń fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ní àdéhùn ọdún méje, mẹ́jọ, kí owó náà lè pín tín-ín-rín, títí Premier League fi fòpin sí i ní oṣù Kejìlá 2023 pé pípín náà ò gbọ́dọ̀ kọjá ọdún márùn-ún. Lójú tèmi, ọgbọ́n akọ̀wé owó nìyẹn. Bí agbábọ́ọ̀lù náà bá wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, owó oṣù ọdún mẹ́jọ ṣì wà lọ́rùn yín, ta ló sì máa rà á?

Ẹ̀wẹ̀, wọ́n máa ń sọ pé kọ̀ǹpútà ló ń yan agbábọ́ọ̀lù fún Brighton. Òótọ́ ni pé Bloom fi ìṣirò tẹ́tẹ́ lówó, ilé iṣẹ́ rẹ̀, Starlizard, sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi nọ́ńbà díwọ̀n agbára ẹgbẹ́. Iṣẹ́ pàtàkì tí nọ́ńbà ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí wọ́n lè fi líìgì Ecuador, Japan tàbí Paraguay wé ti England lórí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ tí kò ní irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ á kàn máa ra láti ibi tí gbogbo ayé ti ń rà, níbi tí ọjà ti wọ́n. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ò dá ra ẹnikẹ́ni. Bí ẹni ń sẹ́ ògì ni: nọ́ńbà á kọ́kọ́ yọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún orúkọ kúrò, fídíò á tún yọ púpọ̀ nínú èyí tó kù, ẹnì kan á wá lọ jókòó ní pápá láti wo ohun tí kámẹ́rà kì í tẹ̀ lé, bó ṣe ń ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù ò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tàbí nígbà tí wọ́n bá na ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣèwádìí ìwà rẹ̀. Ibi tí àwọn tó ń ṣàfarawé ti ń ṣubú ni pé wọ́n ń gba nọ́ńbà ẹni tí kò tíì gbá tó ìṣẹ́jú 900 gbọ́, ìyẹn eré mẹ́wàá péré, tàbí kí wọ́n ka góòlù pẹ́nárítì mọ́ ti ojú eré fún atamátàsé, tí wọ́n á wá ra ògbójú olùgbá-pẹ́nárítì ní mílíọ̀nù 30.

Òfin ìwé iṣẹ́ náà wà ńbẹ̀. Látìgbà tí Britain ti kúrò nínú European Union, máàkì ni wọ́n fi ń díwọ̀n ẹni tó lè wá gbá bọ́ọ̀lù ní England. Kaoru Mitoma, tí wọ́n rà ní Japan lọ́dún 2021, ò lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ni wọ́n bá yá a fún Union Saint-Gilloise ní Belgium, ẹgbẹ́ tí Bloom ti dá owó lé lọ́dún 2018. Sáà kan ló lò níbẹ̀, ó dé England, ó sì ń fi àwọn ẹ̀yìn ọ̀tún ṣeré. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì wá fẹ́ gba ìdíje UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù, lẹ́ẹ̀kan náà lọ́dún 2023, Bloom ní láti dín ìpín rẹ̀ ní Union kù, torí òfin UEFA ò gbà kí ẹnì kan ṣoṣo máa darí ẹgbẹ́ méjì nínú ìdíje kan náà.

Títà agbábọ́ọ̀lù ni gbogbo ayé ń rí. Èyí tó le jù ni pé wọ́n ń kó àwọn òṣìṣẹ́ wọn lọ pẹ̀lú. Chelsea gba Graham Potter ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án 2022, wọ́n san ohun tó lé ní mílíọ̀nù 20 pọ́n-ùn lórí òun àti àwọn igbákejì rẹ̀. Ọjọ́ 18 oṣù yẹn ni Roberto De Zerbi gba iṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́wàá. Dan Ashworth tó jẹ́ olùdarí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lọ sí Newcastle, David Weir tó ti wà lábẹ́ rẹ̀ bọ́ sípò. Paul Winstanley tó ń darí rírà agbábọ́ọ̀lù lọ sí Chelsea, Sam Jewell gba iṣẹ́ náà, Chelsea tún wá mú òun náà. Wọ́n ń tọ́jú orúkọ àwọn tó lè rọ́pò ẹni tó wà ní ipò pàtàkì, wọ́n sì ń tún un wò kó tó di pé ẹni náà kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ohun mẹ́rin ni kó kọ síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan: irú bọ́ọ̀lù tó ń kọ́ni, ọjọ́ tí àdéhùn rẹ̀ parí, iye tí wọ́n fi lè já àdéhùn náà, àti owó tó ń gbà báyìí. Orúkọ tí kò ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò tíì wúlò. Ìdí tí De Zerbi fi rọrùn láti gbà ni pé ọ̀nà bọ́ọ̀lù tiẹ̀ àti ti Potter ò jìnnà síra, wọn ò sì ní láti ra odindi ẹgbẹ́ tuntun. Ẹgbẹ́ tó ń ti ọwọ́ kóòṣì adènà bọ́ sọ́wọ́ kóòṣì oníkọlù lọ́dọọdún ló máa ń ní agbábọ́ọ̀lù 35 tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́.

Sùúrù náà wà. Ní sáà 2020/21, ipò kẹrìndínlógún ni Potter ṣe, pọ́íǹtì 41. Àwọn èrò ń pariwo. Ṣùgbọ́n ìwé nọ́ńbà fi hàn pé àǹfààní tí ẹgbẹ́ náà ń dá sílẹ̀ níwájú góòlù pọ̀ ju góòlù tí wọ́n ń gbá wọlé lọ dáadáa, àwọn tó ń gbá a lọ ni ò mọ̀ ọ́n gbá wọlé. Wọ́n fi í sílẹ̀. Ọdún kejì, ipò kẹsàn-án. Àbájáde eré mẹ́fà ò tó láti fi dá kóòṣì lẹ́jọ́. Ẹ máa ka àǹfààní tí wọ́n ń dá sílẹ̀ àti èyí tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn fún bí eré 15 sí 20 kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Mi ò fẹ́ kí ẹ lọ pọ́n wọn jù níwájú àwọn ọ̀rẹ́ yín, torí ẹni tó bá mọ̀ lára wọn á dá yín lóhùn. Wọ́n pàdánù mílíọ̀nù 67 ní 2019/20, wọ́n pàdánù 53 ní 2020/21, kí wọ́n tó jèrè 24 àti lẹ́yìn náà 122. Ta ló gbé àdánù yẹn? Bloom ni. Ìgbà kan wà tí owó tó yá ẹgbẹ́ náà lé ní mílíọ̀nù 400, kò sì gba èlé. Ẹgbẹ́ tí kò ní irú baba ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ò lè dúró de Caicedo fún ọdún méjì ààbọ̀. Tó bá jẹ́ pọ́n-ùn sí pọ́n-ùn ni, àfàìmọ̀ ni kì í ṣe Brentford ló ṣe é jù: pápá wọn ò gbà ju èèyàn 17,250 lọ, wọ́n pa akádẹ́mì wọn tì lọ́dún 2016 nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ń kó àwọn ọmọ wọn lọ fún owó táṣẹ́rẹ́, wọ́n dá ẹgbẹ́ kejì sílẹ̀ fún àwọn tí ibòmíì lé, wọ́n sì sọ kọ́nà àti fíríkíìkì di iṣẹ́ tó ní kóòṣì tiẹ̀. Ollie Watkins tí wọ́n rà ní Exeter ní nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì, Aston Villa san 28 láti rà á. Nígbà tí Thomas Frank lọ sí Tottenham lọ́dún 2025, Keith Andrews tó ń kọ́ wọn ní kọ́nà ni wọ́n fi sípò.

Ní ti 3SC, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni ín, owó rẹ̀ kì í ti tẹlifíṣọ̀n wá bíi ti England, níbi tí ẹni tó gbẹ́yìn pàápàá ń gba ohun tó lé ní mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn lọ́dún. Nítorí náà, ẹ má fi ìṣirò Brighton bá wọn wí. Ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ gba ife Áfíríkà wálé fún Nàìjíríà lọ́dún 1976 ni, orúkọ ò sì wọ́n wọn. Ìkẹ́nnẹ́ ló yẹ kí wọ́n wò: Remo Stars, tí Kúnlé Ṣónámè dá owó lé, ní pápá tiwọn, wọ́n ní akádẹ́mì tiwọn, wọ́n sì gba líìgì Nàìjíríà ní sáà 2024/25.

Ohun tí 3SC lè ṣe láìná owó rẹpẹtẹ ni ìwé. Òfin FIFA ní, bí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tó kọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Sáà kọ̀ọ̀kan láti ọdún 12 sí 15 jẹ́ 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó náà, láti 16 sí 23 jẹ́ 0.5. Ọmọ tó bá lo sáà mẹ́ta ní Ìbàdàn láti ọdún 16, tí wọ́n wá tà á lọ́jọ́ iwájú láàárín ẹgbẹ́ méjì nílẹ̀ Yúróòpù ní mílíọ̀nù 30 owó yúrò, 450,000 yúrò ló tọ́ sí 3SC, bí wọn ò tilẹ̀ sí níbẹ̀ lọ́jọ́ títà náà. Kò mọ síbẹ̀: bí wọ́n bá tún un tà, wọ́n á tún gbà. Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ náà gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, pẹ̀lú ọjọ́ tó dé àti ọjọ́ tó lọ, torí ìwé yẹn ni FIFA Clearing House ń wò láti pín owó látọdún 2022. Ọmọ tí wọ́n kàn ń pè wá gbá lọ́jọ́ Sátidé láìforúkọ sílẹ̀, kọ́bọ̀ kan ò ní ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Àti pé kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ sókè òkun, kó ti pé ọmọ ọdún 18, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé títà náà pé ìdá kan, bíi 15 tàbí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, nínú owó tí wọ́n bá tún fi tà á jẹ́ tiwọn. Ẹgbẹ́ tó ń rà lè kọ̀ láti fi owó kún ti ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n èyí kì í sábà le fún wọn láti gbà, torí kì í ṣe òní ni wọ́n máa san án.